Ẹ Má Sọ Hẹ́dífóònù Olówó Gọbọi Sí Ààtàn

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Mo ka ohun tí ẹ kọ lórí iṣẹ́ ọwọ́ fún àwọn ọ̀dọ́, ó sì dùn mọ́ mi nínú, àmọ́ ẹ ò mẹ́nu ba àtúnṣe àwọn ohun èlò ìgbọ́hùn rárá. Ohùn ni mò ń gbà sílẹ̀ níbí ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì: ètò rédíò, ìwàásù, oríkì lẹ́nu àwọn àgbàlagbà. Beyerdynamic DT 770 Pro tí wọ́n ṣe ní Jámánì ni hẹ́dífóònù tí mo fi ń ṣe é, kì í sì í ṣe ohun tí èèyàn ń rà lọ́dọọdún. Nígbà tí etí ọ̀tún rẹ̀ dákẹ́, ẹnì kan tó ń ta irú rẹ̀ ní Adó ní ó ti kú, kí n lọ ra òmíràn. Kò tilẹ̀ tú u wò. Inú bí mi, torí àwọn ọmọ tó ń kọ́ iṣẹ́ yìí ń gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ń gbà á gbọ́.

Wọ́n ṣe irú hẹ́dífóònù bẹ́ẹ̀ kó ṣeé tú ni. Láti 1985 ni DT 770 ti wà lọ́jà, a ṣì ń rí fóòmù etí rẹ̀ rà lọ́tọ̀ títí dòní. Ti Sennheiser HD 600 tó jáde ní 1997, ọwọ́ lásán lẹ ó fi yọ wáyà rẹ̀ létí méjèèjì.

Bí etí kan bá dákẹ́, wáyà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fura sí, pàápàá níbi tó ti wọnú jáàkì, irin orí wáyà tí a ń kì bọ ẹ̀rọ, torí ibẹ̀ la ń ká jù. Ẹ fi mítà tí wọ́n fi ń wọn iná wò ó. Ṣóńṣó orí jáàkì ni ti etí òsì, òrùka tó tẹ̀ lé e ni ti ọ̀tún, ìdí rẹ̀ làwọn méjèèjì jọ ń lò. 250 ohm ni tèmi; ohm la fi ń wọn bí nǹkan ṣe ń dènà iná. Mítà ka etí òsì bó ṣe yẹ, kò ka nǹkan kan ní ọ̀tún. Mo gé jáàkì yẹn dànù, mo fi lẹ́ẹ̀dì jó tuntun sí i, ó sì ń sọ̀rọ̀ títí di òní.

Ibi ìjólẹ́ẹ̀dì yìí, ìyẹn yíyọ́ lẹ́ẹ̀dì láti fi lẹ wáyà mọ́ irin, ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń sọ̀rètí nù. Nínú ọ̀pọ̀ hẹ́dífóònù, wọ́n ti fi ọ̀dà tẹ́ẹ́rẹ́ bo fọ́nrán wáyà kọ̀ọ̀kan. Ẹ gbé lẹ́ẹ̀dì lé e, kò ní mú. Ńṣe ni yóò máa yí kúrò bí omi lórí ewé kókò. Ẹ má fi ọ̀bẹ họ ọ́, á já. Ẹ kan lẹ́ẹ̀dì tó ti yọ́ sí ẹnu áyọ́ọ̀nù ìjólẹ́ẹ̀dì, ẹ ki orí wáyà bọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ ní sùúrù. Èéfín díẹ̀ á rú, ọ̀dà á jóná, ẹ ó sì rí i tí orí wáyà á funfun lẹ́ẹ̀kan náà. Ó mú nìyẹn. Ẹ ṣílẹ̀kùn, ẹ má fa èéfín yẹn símú o.

Tó bá jẹ́ inú etí lẹ fẹ́ tú, ẹ mú síkùrúdíráfà jìnnà sí àárín. Òòfà wà níbẹ̀, ó lè fà á yọ lọ́wọ́ yín kó sì lu awọ tó ń gbọ̀n níbẹ̀ já. Fóòmù tó ti pẹlẹbẹ náà, ẹ pààrọ̀ rẹ̀: tí kò bá bo etí dáadáa mọ́, ohùn ìsàlẹ̀ á sá lọ, ẹni tó ń gé ohùn á sì máa dá ẹjọ́ tí kò tọ́.

Ti oníbátìrì ló ṣòro. Wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ pa, bẹ́ẹ̀ bátìrì tí wọ́n bá gún lè gbiná. Òfin tí Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe ní 2023 ní, láti ọjọ́ 18 oṣù Kejì 2027, kí bátìrì inú ọ̀pọ̀ ohun èlò kéékèèké ṣeé yọ fún ẹni tó rà á. Níwọ̀n bí tòkunbọ̀ wọn ti ń dé ọ̀dọ̀ wa, ó yẹ ká ní àwọn ọmọ tó mọ̀ ọ́n tú.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa pe àwọn ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ní Èkìtì tó ń kọ́ni ní títún rédíò ṣe, kí wọ́n fi èyí kún un. Ẹ sì fún àtúnṣe ní igun kan lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ nínú ìwé ìròyìn yín. Tẹ́ ẹ bá gbà, èmi ni n ó kọ ti àkọ́kọ́, lọ́fẹ̀ẹ́.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Ìbejì, agbohùnsílẹ̀,
Òdò Ọjà, Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì