Sí Àbẹ̀kẹ́, lórí iṣẹ́ lámèyítọ́ tó yàn

Ìbarà,
Abẹ́òkúta.

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà pé iṣẹ́ lámèyítọ́ lo yàn, iṣẹ́ ẹni tó ń yẹ ìwé wò láti sọ ohun tó ń sọ àti bó ṣe dára sí, inú mi sì dùn. Àbúrò mi ti ń bi mí pé ṣé títú ìwé oníwèé wò náà ni wọ́n ń pè níṣẹ́. Mo ní iṣẹ́ ni, iṣẹ́ ńlá sì ni. Àmọ́ ìwọ ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀.

Ọmọ Abẹ́òkúta níbí ni òǹkọ̀wé Amos Tutùọlá, 1920 ni wọ́n bí i. Kò fi bẹ́ẹ̀ pẹ́ nílé-ìwé. Ó ṣiṣẹ́ alágbẹ̀dẹ bàbà fún àwọn ológun òfuurufú Gẹ̀ẹ́sì nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ó sì ń ṣe mẹ́séńjà ní ọ́fíìsì ìjọba l'Ékòó nígbà tí ilé ìtẹ̀wé Faber and Faber tẹ ìwé ìtàn rẹ̀, The Palm-Wine Drinkard, jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1952. Akéwì Dylan Thomas yìn ín nínú ìwé ìròyìn Observer. Àwọn ọ̀mọ̀wé tiwa ńkọ́? Ojú ń ti ọ̀pọ̀ wọn. Wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì ọkùnrin náà kò tọ́, pé àwọn òyìnbó á rò pé bí gbogbo wa ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ yìí ṣì ń dùn mí, èmi tí mo fi Gẹ̀ẹ́sì kíkọ́ni jẹun títí mo fi fẹ̀yìn tì. Àlọ́ tí àwọn ìyá wa ń pa ló wà nínú ìwé náà, Yorùbá ló sì wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀. Àwọn tí wọn ì bá fi èyí ye aráyé ni wọ́n kọ́kọ́ gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Nígbà tó di 1977, Chinua Achebe, tí kì í ṣe Yorùbá, lọ ṣe odindi àsọyé lórí ìwé náà ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ó fi hàn pé ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àti fàájì ló wà nídìí ìtàn ọ̀mùtí yẹn, pé ẹ̀kọ́ ìwà ló kún inú rẹ̀. Ọdún 25 ti kọjá nígbà náà lẹ́yìn tí ìwé náà jáde. Irú lámèyítọ́ bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ kó o jẹ́, ẹni tó ń béèrè ohun tí ìwé ń sọ kó tó dá a lẹ́jọ́. Agbẹ́jọ́ẹnìkandá, àgbà òṣìkà.

Nítorí náà, má jẹ́ kí Gẹ̀ẹ́sì gba Yorùbá lẹ́nu rẹ. Ka Fágúnwà. Bó o bá wálé fún ọdún Lísàbí, lọ jókòó ti àwọn àgbà, kó o gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ki ara wọn. Tíọ́rì tí wọ́n ń kọ́ yín wúlò, kọ́ ọ dáadáa, ṣùgbọ́n ka ìwé náà tán, kó o tún un kà, kó o tó dárúkọ onítíọ́rì kankan. Bí ọ̀rẹ́ rẹ bá kọ ìwé tí kò dára, má yìn ín. Má sì torí kí wọ́n lè mọ̀ pé o mọ̀wé kó o wá fi ọ̀rọ̀ gún òǹkọ̀wé tuntun lára.

Ọ̀nà náà jìn. Láti Graduate Assistant tó o wà yìí, ìsàlẹ̀ pátápátá láàárín olùkọ́ yunifásítì, dé Ọ̀jọ̀gbọ́n, ipele méje ni, o ò sì ní gòkè jìnnà láìgba PhD, oyè ọ̀mọ̀wé. Owó kò pọ̀ níbẹ̀. O rántí 2022, tí ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, fi oṣù mẹ́jọ daṣẹ́ sílẹ̀ tí ìjọba kò sì sanwó fún wọn nígbà náà. Máa tọ́jú díẹ̀díẹ̀ pamọ́. Ṣùgbọ́n bó ti wù kí ebi pa ọ́ tó, má ta máàkì fún akẹ́kọ̀ọ́, má sì fi dandan mú wọn ra ìwé rẹ. Èyí ni mi ò ní lè fara dà.

Wo lámèyítọ́ Bíọ́dún Jéyìfò, ààrẹ àkọ́kọ́ tí ASUU ní. Ó kọ́ni ní Ifẹ̀, ó kọ́ni ní Cornell àti Harvard, síbẹ̀ ó fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ̀wé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ sínú ìwé ìròyìn Nàìjíríà, kí àwọn ará ilé lè kà á. Ìwọ náà, má kọ gbogbo tìrẹ sínú jọ́nà àwọn ọ̀mọ̀wé tí ẹni mẹ́wàá péré ń kà.

Bó o bá parí èyí tó ò ń kọ lọ́wọ́, tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, kó o fi rán ẹni tó bá ń bọ̀ wálé sí mi, kó jẹ́ lẹ́tà gàdàgbà nítorí ojú mi. Màá fi bírò pupa fàlà sábẹ́ ibi tí kò bá yé mi. Ìyá rẹ kí ọ.

Èmi ni bàbá rẹ.