Ọjọ́ orí kọ́ ló yí mi padà

Ẹ̀yin Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú àìsùn ìròyìn. Ojú Ọ̀nà Stéṣọ̀n ni mo ti ń ra ìwé ìròyìn yín lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, mo sì máa ń kà á dé ẹ̀yìn kí n tó gbé e fún ìyàwó mi. Lẹ́tà tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan kọ sí yín lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí ló mú mi wá bírò. Ó ní àwa àgbà Òṣogbo la so ìlú mọ́lẹ̀. Ó ní bí ọjọ́ orí bá ṣe ń gòkè ni ẹ̀rù àyípadà ń ba èèyàn tó, pé ẹgbẹ́ òṣèlú tí bàbá wa ṣe ni a ń ṣe, òun náà la ó sì ṣe wọ sàréè. Mi ò bínú sí i, ọmọ mi ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀ nínú ilé tèmi, ó sì wù mí kó gbọ́ bó ṣe rí.

Ọdún 1957 ni wọ́n bí mi ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun. Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni mo kọ́, òun ni mo fi tọ́ ọmọ, kó tó di pé mo gbé ṣọ́ọ̀bù lé ọmọ mi ọkùnrin lọ́wọ́. Káàdì ìgbéyàwó, ìwé ètò ìsìnkú, kàlẹ́ńdà, gbogbo rẹ̀ la ń tẹ̀. Bí ìdìbò bá wá dé, pósítà ni. Nínú àpótí kan lábẹ́ tábìlì, àwọn àmì ẹgbẹ́ tí a fi ń tẹ̀wé láyé ìgbà náà ṣì wà níbẹ̀: iná ti UPN, ilé àti àgbàdo ti NPN, ẹṣin ti SDP, ẹyẹ idì ti NRC. Òjé ni òmíràn, igi ni òmíràn. Ti iná yẹn ti ṣán lórí. Ọmọ iṣẹ́ kan ló jẹ́ kó bọ́ lulẹ̀ lóru ní 1983, a ò sì rí òmíràn fi rọ́pò rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni igba pósítà ṣe jáde tí iná wọn kò ní ṣóńṣó. Títí dòní, bí mo bá ki ọwọ́ bọ àpótí náà nínú òkùnkùn, àtàǹpàkò mi máa ń mọ ojú ibi tó ti ṣán.

Mo tẹ̀wé fún gbogbo wọn. Iṣẹ́ ni ìyẹn. Ohun tí mo gbà gbọ́ lọ́tọ̀.

Ní 1979, mo jẹ́ ọmọ ọdún méjìlélógún, UPN, ẹgbẹ́ Awólọ́wọ̀, ni mí tọkàntara. Bàbá mi kọ́ ló fi mí síbẹ̀ o. Ẹgbẹ́ Àkùkọ, NCNC, ni bàbá mi ṣe, wọn ò sì fẹ́ràn Awólọ́wọ̀ títí ọlọ́jọ́ fi dé. Ohun tó gbé mi débẹ̀ ni pé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìn-ín-ní 1955 ni mo fi ka ìwé mẹ́fà, ìwé mẹ́fà náà ló sì mọ, torí girama gba owó, bàbá mi ò sì ní in. Mo máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà wa láàárọ̀, mò ń wo àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tí wọ́n ń kọjá nínú ṣòkòtò kákí. Nígbà tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ wá ní ẹ̀kọ́ máa di ọ̀fẹ́ láti ìsàlẹ̀ dé òkè, pé ìwòsàn máa di ọ̀fẹ́, pé ìgbèríko máa gòkè, pé ẹni tó bá lè ṣiṣẹ́ máa ríṣẹ́, n kò bi ẹnikẹ́ni pé ibo ni owó rẹ̀ máa ti wá. Bọ́lá Ìgè wọlé gómìnà Ọ̀yọ́, abẹ́ Ọ̀yọ́ ni Òṣogbo ṣì wà nígbà náà, àbúrò mi obìnrin sì wọ girama láìsan kọ́bọ̀. Èmi ni mo ra bàtà rẹ̀. Ní ti ààrẹ, Shagari ti NPN ní ìbò 5,688,857, Awólọ́wọ̀ ní 4,916,651, ọ̀rọ̀ wá dé ilé ẹjọ́ lórí bóyá Shagari ní ìbò tó tó ní ìdá méjì nínú mẹ́ta ìpínlẹ̀ 19. Ó pẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó lè sọ "ìdá méjì nínú mẹ́ta" létí mi kí inú mi má ru.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, ọmọ ìyá mi, NPN ni wọ́n wà. Wọ́n ní ọkọ̀ akẹ́rù méjì tó ń ná Ìlọrin. Ìbéèrè kan náà ni wọ́n máa ń bi mí: "Ọ̀fẹ́ tí ẹ ń pariwo yìí, ta ló ń sanwó rẹ̀?" N kò ní èsì, ni mo bá máa ń fi ariwo dí i. Nígbà tó di 1983, ọ̀rọ̀ náà le débi pé wọ́n ń kó ọmọ jáde nílé wọn, n kò yọjú. Ọmọ náà ti lé ní ogójì ọdún báyìí. Bó bá ti dọ̀bálẹ̀ kí mi ni mo máa ń rántí. Ó dùn mí ju gbogbo ìdìbò tí ẹgbẹ́ mi pàdánù lọ.

Ní 1985, mo gba ṣọ́ọ̀bù ti ara mi. Ọdún kejì ni SAP, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé ìjọba, dé, náírà já, bébà tí à ń rà ní páálí di èyí tí à ń bẹ àwọn tó ń tà á kí wọ́n ṣí i fún wa. Iná ọba ń lọ, jẹnẹrétọ̀ ń mu epo. Àwọn agbowó ń wá lóríṣiríṣi: ti pátákó orúkọ, ti ìdọ̀tí, ti ohun tí n kò mọ orúkọ rẹ̀, kálukú pẹ̀lú rìsíìtì tirẹ̀. Nígbà tó di 1994, VAT, owó orí ọjà, tún bọ́ sí i, náírà márùn-ún lórí ọgọ́rùn-ún. Bí mo ṣe ń sún mọ́ ogójì ọdún, ohun kan ṣoṣo ni mò ń fẹ́ lọ́wọ́ ìjọba: kó fi mí lọ́rùn sílẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ọmọ iṣẹ́ mi ń to lẹ́tà, ó ń yin ayé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, ni mo bá gbọ́ ohùn ara mi: "Ta ló ń sanwó rẹ̀?" Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi gẹ́lẹ́ ni. Mo dákẹ́, mo fi àkísà nu ọwọ́ mi fún ìgbà pípẹ́.

Ibi tí ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn ti ṣì í nìyí. Ó rò pé ìbò tí èèyàn dì ni èrò ọkàn rẹ̀. Ní 1989, ìjọba Babangida dá ẹgbẹ́ méjì sílẹ̀, ó ní kí SDP tẹ̀ sí òsì díẹ̀, kí NRC tẹ̀ sí ọ̀tún díẹ̀. Bí a bá fi ohun tí mò ń rò nígbà náà wọ̀n ọ́n, ọ̀tún ni mo yẹ kí n wà. Síbẹ̀, nígbà tí a dìbò gómìnà ní oṣù kejìlá 1991, tí Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ò tíì pé oṣù mẹ́rin, ẹ̀yìn ẹṣin ni mo tò sí. Gbangba ni a tò ó, lẹ́yìn àwòrán. Ẹ̀gbọ́n mi wà lórí ìlà kejì, àwa méjèèjì ń wo ara wa. Ní June 12, 1993, mo dìbò fún MKO Abíọ́lá bí gbogbo àdúgbò ṣe ṣe. Àwọn ọ̀rẹ́ mi dìbò fún un nítorí ó ní òun máa lé ìṣẹ́ lọ. Èmi dìbò fún un nítorí oníṣòwò ni, mo ní ó máa mọ ohun tí ojú oníṣòwò ń rí. Orí ẹṣin kan náà ni ìka wa tẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí kálukú ń wá yàtọ̀ síra.

Ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin ni mí báyìí, ẹ̀jẹ̀ mi sì ń ru. Kó tó di 29 oṣù karùn-ún 2023, tí wọ́n kéde pé owó ìrànwọ́ epo ti lọ, páálí ni mo máa ń ra oògùn mi, á sì gbé mi dé ìparí oṣù. Ní báyìí, sáṣẹ́ẹ̀tì kan ni mò ń rà, wóró mẹ́wàá. Mo ti ṣe é rí pé mo lo wóró kan lónìí, mo fo ọ̀la, kó lè pẹ́. Ìyàwó mi ló ká mi mọ́ ọn, ó ka wóró tó kù nínú rẹ̀, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kò sọ nǹkan kan. Láti ọjọ́ náà ni gbólóhùn "ìwòsàn ọ̀fẹ́" ti padà sí mi lẹ́nu. Bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ ní ọmọ ọdún méjìlélógún ni mo tún ń sọ̀rọ̀ báyìí, àfi pé mo ti mọ ìbéèrè ẹ̀gbọ́n mi, mo sì ní èsì rẹ̀: àwa náà la ń sanwó rẹ̀, a ti ń san án láti ìgbà tí mo ti ń gba rìsíìtì, ẹ jẹ́ kó dé ibi tó yẹ kó dé.

Ẹ̀gbọ́n mi ńkọ́? Ọkọ̀ ti lọ, ojú wọn méjèèjì ti fọ́. Ẹni tó sọ fún mi ní 1983 pé kí kálukú gbé ẹrù ara rẹ̀ ló ń jókòó ní Òkè-Fìà báyìí, tí wọ́n ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá yà pé ìjọba tí kò lè tọ́jú ojú arúgbó, kò sí ohun tó ń ṣe. A ti padà di ọ̀rẹ́. Èmi ni mò ń ka ìwé ìròyìn yín fún wọn, wọ́n sì ní kí n kí yín.

Àbíkẹ́yìn mi obìnrin wà ní oríta Ọláìyá ní oṣù kẹwàá 2020, nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ ń pariwo EndSARS, pé kí wọ́n tú ẹ̀ka ọlọ́pàá SARS ká. Orí fóònù ló ti ń ta ọjà rẹ̀. Nígbà tó wọlé lálẹ́ ọjọ́ náà, mo bi í pé kí ni wọ́n ń fẹ́ kí ìjọba ṣe fún wọn. Ó ní, "Bàbá, a ò ní kí wọ́n fún wa ní nǹkan kan. Kí wọ́n ṣáà má yẹ fóònù wa wò, kí wọ́n má gba ohun tí a fọwọ́ ara wa ṣe." Mo wò ó. Ọ̀rọ̀ tèmi ní ogójì ọdún ló ń ti ẹnu ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n jáde.

Ẹ wá bá mi gbé e yẹ̀ wò. Bó bá jẹ́ ọjọ́ orí ló ń yí èèyàn, kí ló gbé ọmọ mi síbi tí mo wà ní ogójì, tó gbé èmi padà síbi tí mo wà ní méjìlélógún, tó sì gbé ẹ̀gbọ́n mi débi tí wọn ò dé rí? Ẹrù tó wà lórí kálukú ni. Ẹni tí agbowó ń lé, á ní kí ìjọba jìnnà sí òun. Ẹni tí oògùn ń wọ́n fún, á ní kí ìjọba súnmọ́ òun. A lè gbé ẹrù méjèèjì láàárín ọdún mẹ́wàá.

Kí ọ̀dọ́mọkùnrin náà sì wo ìpínlẹ̀ tiwa yìí kó tó ní àwọn àgbà kì í yí. Ẹgbẹ́ AD ló wọlé gómìnà ní 1999, PDP ní 2003. Ní oṣù kọkànlá 2010, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní Arẹ́gbẹ́ṣọlá ti ACN ló wọlé nínú ìdìbò 2007. Ní 2018, lẹ́yìn àtúndì ìbò, ìbò 482 péré ni Oyètọ́lá ti APC fi borí. Ní 2022, Adélékè ti PDP ní 403,371, Oyètọ́lá ní 375,027. Àwọn tó wà lórí ìlà ní ibùdó ìdìbò wa lọ́dún náà, irun funfun ló pọ̀ jù nínú wọn, ojú mi ló ṣe. Ta wá ló yí i?

Ó ní òótọ́ kan lẹ́nu, mi ò ní bò ó mọ́lẹ̀. Ó ní àwọn àgbà ń gba owó ìbò. Wọ́n ń gbà á. "Dìbò kí o sebẹ̀" kì í ṣe àròsọ. Ìyá àgbà kan ládùúgbò wa gbà á. Mo rí i, inú bí mi, mo tẹ̀ lé e láti bá a wí. Ilé oògùn ló gbà lọ tààrà. Bó ṣe tú owó náà lórí káńtà tó ń kà á, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, n kò lè la ẹnu mi mọ́. Ohun tó ṣe kò dára, n kò ní sọ pé ó dára. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá pe ìyẹn ní ìfẹ́ ẹgbẹ́, tàbí ní agídí àgbà, kò wo ọwọ́ rẹ̀.

Ẹ̀bẹ̀ tí mo fẹ́ bẹ̀ yín, ẹ̀yin Olóòtú, ni pé bí ìdìbò bá ń bọ̀, àwọn akọ̀ròyìn yín máa ń dé Ọjà Ọba, wọ́n á bi àwa àgbà pé, "Ẹgbẹ́ wo lẹ máa dì?" Kí wọ́n fi ìyẹn sílẹ̀. Kí wọ́n bi wá pé kí ni a fẹ́. Kí wọ́n bi ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn náà bẹ́ẹ̀, kí wọ́n tẹ èsì rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi, káwọn tó ń dupò lè kà wọ́n pọ̀. Tèmi nìyí, mo kọ ọ́ sórí ìwé, ẹ bá mi tẹ̀ ẹ́: ní ilé ìwòsàn káńsù tó súnmọ́ wa jù, ọjọ́ wo ni màá lè wọlé, kí nọ́ọ̀sì wọn ẹ̀jẹ̀ mi, kó sì fún mi ní oògùn oṣù kan lówó tí èmi àti ìyá àgbà yẹn lè san?

Èmi ni tiyín,
Bàbá Onítẹ̀wé,
Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, Òṣogbo.