Ẹ má fi ẹ̀rọ fa kànga tí omi òkun wọ̀ gbẹ

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Bí ìjì líle bá ja etíkun, eré tí atẹ́gùn ń sá ni àwọn oníròyìn máa ń kọ́kọ́ kà fún wa. Bẹ́ẹ̀ omi ló ń pa èèyàn jù, kì í sì í tán lọ́jọ́ tí ìjì bá rọlẹ̀. Òru 14 oṣù Kẹta, ọdún 2019 ni ìjì Idai kọlu Beira ní Mòsámbíkì. Atẹ́gùn ti omi òkun wọ ilẹ̀ lóru náà. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, odò Búzi àti Púngoè tún kún bo àwọn abúlé, nítorí òjò tó rọ̀ lórí òkè lọ́hùn-ún títí dé Sìmbábúè. Nígbà tó fi di 27 oṣù náà, onígbáméjì ti wọlé. Àwọn tó kó o lé ní 6,000.

Ọ̀rọ̀ kànga ló jẹ mí lógún jù. Bí omi òkun bá wọ kànga, ẹ̀rọ afami ni ọ̀pọ̀ ń sáré gbé wá, kí wọ́n fà á gbẹ léraléra títí yóò fi dùn. Àṣìṣe ńlá ni! Nínú iyanrìn etíkun, orí omi iyọ̀ ni omi dídùn léfòó sí, torí ó fúyẹ́ jù ú lọ. Bí ojú omi dídùn bá fi sẹ̀ǹtímítà 1 lọ sílẹ̀, omi iyọ̀ ìsàlẹ̀ lè fi nǹkan bí 40 gòkè. Ẹni tó ń fà á gbẹ ń fọwọ́ ara rẹ̀ pe iyọ̀ wá ni. Ògiri kànga tí omi ti mu yó náà sì lè ya lulẹ̀.

Kí wọ́n kó pàǹtí àti ẹrẹ̀ jáde, kí wọ́n rọra fa omi inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, kí wọ́n wá fi í sílẹ̀ fún òjò láti ṣàn án. Ó lè gbà ju ìgbà òjò kan lọ. Omi òjò tàbí ti táńkà ni kí wọ́n máa mu. Bílíìṣì kì í yọ iyọ̀, sísè ń mú un pọ̀ sí i ni. Kòkòrò àìsàn ni àwọn méjèèjì ń pa. Bílíìṣì tí kò ní lọ́fínńdà, tí agbára rẹ̀ jẹ́ ìdá 5 sí 6 nínú 100, ni kí wọ́n kán ní ìgbà 40 sínú omi mímu tó kún kẹ̀gì onílítà 20, kí wọ́n rò ó, kí wọ́n dé e fún ìṣẹ́jú 30. Bí omi náà bá rú, kí wọ́n kọ́kọ́ fi aṣọ mímọ́ sẹ́ ẹ, kí wọ́n sì kán an ní ìgbà 80.

Irú ìjì yẹn kì í jà ní Ayétòrò ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, síbẹ̀ òkun ń wọ̀ ọ́. Nígbà tí ẹ bá tún ń ròyìn ibẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa béèrè ohun tí wọ́n ń ṣe sí àwọn kànga wọn.

Òǹkàwé yín tó ń ṣiṣẹ́ omi,
Èkó