Ẹni méjìdínlógún kò lè yọ gómìnà Ọ̀yọ́

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Nídìí tábìlì oníwèé ìròyìn, láti Mọ́kọ́lá títí dé Dùgbẹ̀, bí wọ́n bá ti dá ọ̀rọ̀ yíyọ gómìnà nípò sílẹ̀, ẹnì kan kò ní ṣàì sọ pé, "Àwọn tó pọ̀ jù nílé ti fọwọ́ sí i, ó parí." Kò parí o. Iye orí tí ilé aṣòfin nílò kì í ṣe ọ̀kan náà fún gbogbo iṣẹ́, ṣíṣi iye yìí kà sì ti dá wàhálà sílẹ̀ nílùú wa rí.

Ọmọ ilé 32 ló wà nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin Ọ̀yọ́ ní Agodi. Kí wọ́n tó lè ṣe ìjókòó, ìdá kan nínú mẹ́ta wọn gbọ́dọ̀ pé. Ẹ fi 3 pín 32, 10 ni, ó ku méjì. Èèyàn kò ṣe é gé sí wẹ́wẹ́, nítorí náà 11 ni. Tó bá jẹ́ àbá òfin lásán, àwọn tó pọ̀ jù nínú àwọn tó wà níbẹ̀ tí wọ́n dìbò ló ń gbé e wọlé. Ẹni tó ń darí ìjókòó kì í dìbò àfi tí ìbò bá dọ́gba. Ìyẹn ni pé lọ́jọ́ tí 11 péré bá wá, ohùn 6 tó láti gbé àbá wọlé fún gbogbo ìpínlẹ̀. Kí àwọn tó ń pàtẹ́wọ́ fún aṣòfin tí kì í yọjú síbi ìjókòó máa rántí èyí.

Yíyọ gómìnà yàtọ̀ pátápátá. Abala 188 nínú ìwé òfin ọdún 1999 ló là á sílẹ̀. Ẹni 11 lè fọwọ́ sí ìwé ẹ̀sùn, kí wọ́n gbé e fún Abẹnugan. Láàárín ọjọ́ 7, Abẹnugan gbọ́dọ̀ fi ṣọwọ́ sí gómìnà àti sí ọmọ ilé kọ̀ọ̀kan. Kí ọjọ́ 14 tó pé láti ìgbà tí ìwé ẹ̀sùn dé ọwọ́ Abẹnugan, ilé yóò dìbò lórí bóyá kí wọ́n ṣèwádìí, láìsí àríyànjiyàn kankan, ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo ọmọ ilé ló sì gbọ́dọ̀ fara mọ́ ọn. Níbí ni wọ́n ti máa ń ṣì í kà: gbogbo ọmọ ilé ni, kì í ṣe àwọn tó wá. Ìdá méjì nínú mẹ́ta 32 ju 21 lọ, 22 ló gbọ́dọ̀ jẹ́. Lẹ́yìn náà ni Abẹnugan yóò ní kí Adájọ́ Àgbà ìpínlẹ̀ yan ẹni 7 tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba, tí kì í ṣe aṣòfin, tí kò sì sí nínú ẹgbẹ́ òṣèlú. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n ní. Bí wọ́n bá ní ẹ̀sùn kò múná dóko, ó tán nìyẹn. Bó bá múná dóko, ẹni 22 gbọ́dọ̀ tún fọwọ́ sí àbọ̀ náà kí ọjọ́ 14 tó pé.

Ní ọjọ́ 12, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 2006, ẹni 18 ló kéde pé àwọn ti yọ Gómìnà Rashidi Ladọja, ẹni tó ti wá di Olúbàdàn wa báyìí. Inú hótẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ti dá ọ̀rọ̀ ìwé ẹ̀sùn sílẹ̀, Abẹnugan kò sì sí lẹ́yìn wọn. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn da ìyọnípò náà nù lóṣù kọkànlá, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sì fòǹtẹ̀ lu ìdájọ́ yẹn ní ọjọ́ 7, oṣù kejìlá. Oṣù mọ́kànlá tí Ladọja fi wà níta kò padà sọ́wọ́ rẹ̀. Ó bẹ ilé ẹjọ́ pé kí wọ́n fi kún sáà òun, wọ́n ní kò sí nínú òfin.

Ìdá méjì nínú mẹ́ta yìí kan náà ló da ìdìbò ààrẹ ọdún 1979 rú. Ẹni tó bá fẹ́ wọlé gbọ́dọ̀ ní ìdá kan nínú mẹ́rin ìbò ní ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo ìpínlẹ̀. Ìpínlẹ̀ 19 ni Nàìjíríà ní, ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀ sì jẹ́ 12⅔. Shehu Shagari ní ìdá kan nínú mẹ́rin ìbò ní ìpínlẹ̀ 12, ṣùgbọ́n ní Kano, kò tó 20 nínú ọgọ́rùn-ún. Richard Akinjide, ọmọ Ìbàdàn, agbẹjọ́rò NPN, ẹgbẹ́ òṣèlú Shagari, ló mú ìṣirò wá: ìpínlẹ̀ kẹtàlá kò pé odidi, ìdá méjì nínú mẹ́ta ìbò Kano nìkan ni kí wọ́n wá ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀. Ìyẹn bọ́ sí ìdá kan nínú mẹ́fà, Shagari sì rékọjá rẹ̀. Nígbà tí Awólọ́wọ̀ pẹjọ́, Adájọ́ Káyọ̀dé Èṣọ́ nìkan ló dá tirẹ̀ yàtọ̀ ní ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ. Ìbò ṣe é gé, èèyàn kò ṣe é gé. Àmọ́ ká tilẹ̀ fi ìṣirò Akinjide wọn tọdún 2006, 18 kò sún mọ́ 21⅓. Ní báyìí tí ìpínlẹ̀ di 36, ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀ jẹ́ 24 gbáko.

Ti 1962 ló wá le jù, torí ìwé ni wọ́n kà dípò orí. Aṣòfin 66 fọwọ́ sí lẹ́tà sí Gómìnà Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn, Ọba Adésọjí Adérẹ̀mí, Ọọ̀ni, pé àwọn kò sí lẹ́yìn Akíntọ́lá, Olórí Ìjọba (Premier) ẹkùn náà, mọ́. Ọba yọ ọ́ ní ọjọ́ 21, oṣù karùn-ún, ó fi Adégbénró rọ́pò rẹ̀. Nígbà tí ilé jókòó ní ọjọ́ 25, àga ń fò, wọ́n gbé ọ̀pá àṣẹ láti fi na Abẹnugan, ó bá tábìlì, ó kán, ọlọ́pàá sì yin tajútajú. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà sọ pé inú ilé ni kí wọ́n ti dìbò. Lọ́dún 1963, àwọn adájọ́ Lọ́ńdọ̀nù, tí wọ́n ṣì ń pẹ ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn lọ bá nígbà náà, ní lẹ́tà náà ti tó. Àwọn aṣòfin Akíntọ́lá yára tún òfin ṣe, wọ́n ní kó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti 1960. Adégbénró gba ìdájọ́, kò gba àga.

Olóòtú, tí ẹ bá tún gbọ́ pé wọ́n fẹ́ yọ gómìnà kan, ẹ jọ̀wọ́, kí ẹ tó tẹ ìròyìn náà, ẹ béèrè iye tó fọwọ́ sí i, iye ọmọ ilé lápapọ̀, àti ibi tí wọ́n ti jókòó. Kí ẹ sì kọ ọ́ sí ojú ewé kìn-ín-ní.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn.