Lẹ́tà sí Àbẹ̀kẹ́ lórí ìwé tí ó gbé tì

Kétu

Ọmọ mi Àbẹ̀kẹ́,

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tí ó wá ná ọjà níbí lọ́sẹ̀ tó kọjá sọ ọ̀rọ̀ kan tí kò jẹ́ kí n rí oorun sùn dáadáa. Ó ní o ti gbé ìwé òfin ìlànà ẹjọ́ ọ̀daràn tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, pé o ní kò sí ohun tí ó wà nínú rẹ̀ ju ọjọ́, wákàtí àti ìbọwọ́lùwé lọ, àti pé òfin tí ó dárúkọ ẹ̀ṣẹ̀ àti ìjìyà nìkan ni o fẹ́ fi dojú kọ ìdánwò àtiwọlé sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn adájọ́. Mo pè ọ́ lórí fóònù, o kò gbé e. Mo tún pè, o fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ pé o wà ní kíláàsì, ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú. Kíláàsì wo ni wọ́n ń ṣe ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú, Àbẹ̀kẹ́?

Ìyá rẹ wà dáadáa, ó ní kí n kí ọ. Abo àgùntàn yẹn bí ìbejì. Àbúrò rẹ ti padà sí ìdí iṣẹ́ télọ̀, títí yóò fi tún sá kúrò níbẹ̀. Owó yàrá rẹ yóò dé bí a bá ti ta àgbàdo.

Òfin ìjìyà yóò sọ fún ọ pé olè jíjà jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀, kò sì nira láti há a sórí. Òfin ìlànà ni ó ń sọ ẹni tí ó lẹ́tọ̀ọ́ láti mú ọkùnrin tí wọ́n pè ní olè, iye wákàtí tí ó lè lò lọ́dọ̀ ọlọ́pàá, ẹni tí ó gbọ́dọ̀ fojú rí i kí wọ́n tó lè dá a dúró jù bẹ́ẹ̀ lọ, àti ẹni tí ó ni ẹrù láti fi ẹ̀rí múlẹ̀. Bí o bá fo apá yìí, o lè di adájọ́ tí ó mọ orúkọ gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ tí kò sì mọ ìgbà tí wọ́n ń ṣẹ̀ níwájú rẹ̀. Ohun tí ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí nìyẹn.

Jẹ́ kí a fi ọ̀ràn kan ṣe é, irú èyí tí ẹ̀yin ń pè ní cas pratique. Wọ́n mú ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Kétu níbí, ní ọjọ́ Ẹtì, ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, wọ́n ní ó jí alùpùpù. Abala 18 nínú òfin ìpìlẹ̀ orílẹ̀-èdè wa, Bẹ̀nẹ̀, ti ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá ọdún 1990 sọ pé a kò gbọdọ̀ ti ẹnikẹ́ni mọ́lé ju wákàtí 48 lọ, àfi bí magistrat, ìyẹn adájọ́ tàbí agbẹjọ́rò ìjọba, tí wọ́n mú un dé iwájú rẹ̀ bá pàṣẹ bẹ́ẹ̀. Agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú ni ó pé. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ yóò kọ ọjọ́ Ajé nítorí pé ilé-ẹjọ́ kì í ṣí lọ́jọ́ Àìkú, bẹ́ẹ̀ ni abala náà kò yọ ọjọ́ Àìkú sílẹ̀. Ó gbà pé a lè fi kún àkókò náà nínú ọ̀ràn àrà ọ̀tọ̀ tí òfin bá là kalẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ kọjá ọjọ́ 8. Ó tún sọ pé kò sí ẹni tí ó lè dí ẹni tí a tì mọ́lé lọ́wọ́ kí dókítà tí òun fúnra rẹ̀ yàn má yẹ̀ ẹ́ wò. Abala 17 tí ó ṣáájú rẹ̀ ni ó ní aláìṣẹ̀ ni ẹni tí a fi ẹ̀sùn kàn títí a ó fi fi ẹ̀sùn náà múlẹ̀ lábẹ́ òfin.

Wàyí o, ká ní àwọn àgbààgbà bẹ̀bẹ̀, tí ẹni tí ó ni alùpùpù dárí jì í, tí ó sì lọ fa ẹ̀sùn rẹ̀ yọ. Ní ìlú wa, gbogbo ènìyàn yóò gbà pé ọ̀rọ̀ tán. Kò tán. Ọwọ́ procureur, agbẹjọ́rò ìjọba tí ó wà ní Pobè, ni ẹjọ́ náà wà, nítorí orúkọ gbogbo ìlú ni ó fi ń pe ẹjọ́, ó sì lè tẹ̀síwájú, àfi nínú àwọn ẹ̀ṣẹ̀ díẹ̀ tí òfin sọ pé láìsí ẹ̀sùn ẹni tí a ṣẹ̀ kò ní sí ẹjọ́. Ibẹ̀ ni ọmọ ilé wa máa ń ṣubú sí, nítorí a ti fi àṣà ẹ̀bẹ̀ tọ́ wọn dàgbà. Ìwọ náà, mo mọ̀ ọ́, wàá ṣubú sí i.

Má sì lo ẹ̀dà ògbólógbòó ìwé òfin ìlànà náà tí o kó kúrò nílé. Òfin 2012-15 tí ààrẹ fọwọ́ sí ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹta ọdún 2013 ni í ṣe lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ti tún un ṣe ní 2018 àti ní 2020.

O mọ̀ pé iṣẹ́ akọ̀wé ilé-ẹjọ́ ni mo fi tọ́ yín. N kò sọ èyí fún ìyá rẹ rí. Ní ilé-ẹjọ́ kan tí n kò ní dárúkọ, wọ́n gbé fáìlì ọmọ iṣẹ́ bíríkìlà kan wá. Bíròó dúdú ni wọ́n fi kọ gbogbo ojú ìwé náà, àyàfi ọjọ́ àti wákàtí tí wọ́n mú un, tí ó jẹ́ búlúù, tí ara ìwé náà sì ti hó níbẹ̀ bí ibi tí wọ́n fi abẹ fá. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ọjọ́ náà ni wọ́n mú un, nítorí mo ti rí ìyá rẹ̀ tí ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà ní ọjọ́ ọjà tí ó ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n kọ. Mo lu òǹtẹ̀, mo gbé fáìlì náà lé orí àwọn yòókù. Mo ní kì í ṣe iṣẹ́ akọ̀wé. Kò ní agbẹjọ́rò tí yóò wo ojú ìwé yẹn, òjò ọdún náà sì rọ̀ tán kí ó tó jáde. Nítorí náà, bí o bá ń sọ pé ọjọ́ àti wákàtí lásán ni, kì í ṣe ìwé ni o ń bú.

N kò bínú sí ọ tó bí mo ṣe ń pariwo yìí. Mo mọ̀ pé ìwé náà le, mo sì mọ̀ pé ebi máa ń pa ọ́ ní Calavi níbi tí o ti ń kàwé, tí o kì í sọ. Kọ ìdáhùn sí ọ̀ràn alùpùpù yẹn sí ojú ìwé kan, ya àwòrán rẹ̀, kí o fi ránṣẹ́ sí fóònù àbúrò rẹ, nítorí tèmi kì í gba àwòrán. Má fi nọ́mbà abala bẹ̀rẹ̀, wákàtí tí wọ́n mú un ni kí o kọ́kọ́ kọ. Iṣu wà nínú àpò tí awakọ̀ yóò gbé fún ọ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. San owó ẹrù fún un, n kò tíì san án.

Èmi ni,
Bàbá rẹ