Àkàndé, lórí ṣọ́ọ̀bù ìrẹsì ẹ

Àkàndé ọmọ mi, àsàlámù àlékù. Mo rí fótò ṣọ́ọ̀bù tó o fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp, ó wù mí gan-an, Ọlọ́hun á jẹ́ kọ́jà tà. Áyátù Kúrísíyù tó o gbé kọ́ ògiri náà dáa, àmọ́ kóńgò tó wà lórí àpò ìrẹsì yẹn lojú mi ń wò. Ṣé wọn ò ti lu ìdí ẹ̀ wọnú? Ìwọ náà ṣáà dàgbà sí Bódìjà, o mọ bí wọ́n ṣe ń fi òòlù lù ú, àwọn míì á tiẹ̀ yọ́ àbẹ́là sí i nísàlẹ̀, oníbàárà á rí i pó kún dẹ́dẹ́, ó délé wọ̀n ọ́n, kò pé. Tó bá jẹ́ bó o ṣe rà á nìyẹn, jọ̀ọ́ ra òmíì lónìí. Ègbé ni Ọlọ́hun fi bẹ̀rẹ̀ Súrátù Mutọ́fífínà, àwọn tó ń dín òṣùwọ̀n kù ló ń bá wí.

Tí kòkòrò bá ti wọ ẹ̀wà, má da èyí tó dáa bò ó lórí. Ànábì ki ọwọ́ bọ oúnjẹ tẹ́nì kan ń tà, ó bá omi nínú ẹ̀, onítọ̀hún ní òjò ló pa á, Ànábì ní kí ló dé tó ò gbé e sókè káwọn èèyàn rí i? Sọ fún wọn, kó o dínwó ẹ̀.

Àwọn ọmọ méjì tó ń bá ẹ ṣiṣẹ́ ńkọ́? Èyí ló ká mi lára jù, torí ọ̀pọ̀ ọ̀gá tó ń kírun ní sáàfù iwájú ló ń jẹ ọmọọṣẹ́ lówó oṣù. Ọjà yá o, ọjà ò yá o, san án kí òógùn wọn tó gbẹ, bí hádíìsì ṣe wí. Tí Àílà bá tó, jẹ́ kí Mùsùlùmí inú wọn lọ kírun, èyí tó jẹ́ onígbàgbọ́, má pè é lọ́jọ́ Sunday, má sì fipá mú un ṣàlùwàlá o. Tówó bá dín nínú dúrọ́ọ̀, ẹ jọ kà á, má pariwo olè lójú oníbàárà.

Àwìn, kọ ọ́ sílẹ̀, kẹ́lẹ́rìí wà níbẹ̀, Súrátù Bákárà 282 ló sọ bẹ́ẹ̀. Owó èlé tí wọ́n ń yáni lórí fóònù yẹn, má sún mọ́ ọn rárá, tówó bá ká ẹ mọ́ pè mí.

Bá mi kí ìyàwó ẹ, èlùbọ́ tó ní kí n ra ti wà nílẹ̀, kó rán ẹni tó máa wá gbé e.

Ìyá ẹ.