Ẹ má na ajá tó ń kùn mọ́ ọmọdé

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá. Ọ̀rọ̀ ajá tó ń bu ọmọdé jẹ ládùúgbò ni mo torí ẹ̀ kọ̀wé yìí. Kì í ṣe ajá ẹlòmíràn ló bu ọmọ mi jẹ. Ajá tèmi ló bu ọmọ ọlọ́mọ jẹ.

Àpáta níbí, nílùú Ìbàdàn, là ń gbé. Olè ló jẹ́ ká ra ajá. Bíńgò kò ju ọmọ oṣù méjì lọ nígbà tí a gbé e wálé, bàbá àwọn ọmọ sì fi ṣéènì so ó mọ́ ẹ̀gbẹ́ géètì, torí gbogbo ẹni tí a bi ló sọ pé ajá tó bá ti mọ èèyàn jù kì í lè ṣọ́lé. A kò jẹ́ kí àlejò fọwọ́ kàn án. Àwọn ọmọ iléèwé sì ń gba iwájú ilé wa kọjá láàárọ̀ àti lọ́sàn-án. Àwọn kan á fi igi gún un láti abẹ́ géètì, àwọn kan á sọ ọ́ lókùúta, wọ́n á sì fẹsẹ̀ fẹ. Kò lè sá lọ, kò sì lè lé wọn. Kó tó pé ọmọ oṣù mẹ́fà, bó bá ti gbúròó ọmọdé báyìí, irun ẹ̀yìn rẹ̀ á dìde, á bẹ̀rẹ̀ sí í kùn.

Lójú tèmi, ìwàkiwà ni kíkùn yẹn. Mo wá pàṣán. Bó bá ti kùn, mo nà án. Kò ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ tí kò fi kùn mọ́. Inú mi dùn, mo ní ó ti gbọ́n.

Lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀ kan, ọmọkùnrin ọmọ ọdún méje gbé àkàrà sàárà wá fún wa láti ilé kejì. Bíńgò kò gbó, kò kùn. Ó kàn ki eyín bọ itan ọmọ náà ni. Àkàrà yí lọ sínú ẹrẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn bọ̀ wá sínú silípáàsì ọmọ ọlọ́mọ. Ojú eyín mẹ́rin ni mo kà lára itan rẹ̀.

Èrò pé lé wa lórí. Ẹnì kan ní ká da epo pupa sí i, ẹlòmíràn ní ká jó irun ajá náà ká fi kùn ún. Ọlọ́run ló bá wa ṣe é tí nọ́ọ̀sì kan wà nítòsí. Ó fa ọmọ náà sábẹ́ ẹ̀rọ omi, ó ń fi ọṣẹ fọ ojú egbò, ó sì ń wo aago ọwọ́ rẹ̀ títí ó fi pé ìṣẹ́jú 15. Ó ní omi àti ọṣẹ ló ń fọ kòkòrò dìgbòlugi dànù, pé epo kò lè ṣe é. Láti ibẹ̀ ó di ọsibítù: abẹ́rẹ́ lọ́jọ́ náà gan-an, lọ́jọ́ kẹta, lọ́jọ́ keje, lọ́jọ́ kẹrìnlá, àti lọ́jọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n. Àwa la san gbogbo ẹ̀, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀, torí a kò tíì gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi fún Bíńgò, tó yẹ kí a ti gbà nígbà tó pé oṣù mẹ́ta. Bí dìgbòlugi bá ti fara hàn lára èèyàn, ikú ló máa ń já sí. Àjọ Ìlera Àgbáyé sì sọ pé nínú èèyàn 10 tó ń pa, nǹkan bíi 4 ni kò tíì pé ọmọ ọdún 15.

Àwọn aládùúgbò ní ká pa ajá náà. Dókítà ẹranko ló ní ká má pa á, ká so ó lọ́tọ̀ fún ọjọ́ 10 ká máa wò ó, torí ajá tí dìgbòlugi ti wà nínú itọ́ rẹ̀ kò ní pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kó má ṣàìsàn tàbí kó kú. Ọjọ́ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá yẹn, n kò sùn dáadáa.

Dókítà yìí kan náà ló la ojú mi. Ó ní, "Ìyá, ẹ̀rù ọmọdé ló ń ba ajá yín. Nígbà tó ń kùn, ó ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má sún mọ́ òun. Ẹ nà án títí, ẹ̀rù ò kúrò níbẹ̀, ohùn rẹ̀ lẹ gbà." Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra. Mo bi í bóyá ká tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá, ó ní ìyẹn kì í wo ẹ̀rù. Ó ní láti bí ọmọ ọ̀sẹ̀ 3 títí di bí ọ̀sẹ̀ 14 ni ajá máa ń mọ ohun tí kò yẹ kó bẹ̀rù, ìgbà yẹn gan-an sì la so ó mọ́lẹ̀ tí kò rí ọmọdé kankan àfi èyí tó mú òkúta lọ́wọ́.

Ẹ̀yìn ilé ni Bíńgò ń gbé báyìí, nínú ọgbà tí a fi wáyà yí ká. Kì í jáde láìsí ohun tí a fi dé e lẹ́nu. Bí àwọn ọmọ bá ń kọjá, mo máa ń mú un dúró lókèèrè, níbi tí ara rẹ̀ ti balẹ̀, n ó sì máa fún un ní pọ̀nmọ́ tí mo gé wẹ́wẹ́. Oṣù kẹrin rèé. Ó ti ń wo ojú mi báyìí bó bá gbọ́ ohùn wọn. Síbẹ̀, n kò ní fi òun àti ọmọdé sílẹ̀ pọ̀ láéláé.

Ẹ jọ̀ọ́, Olóòtú, ẹ bá wa gbé ọ̀rọ̀ yìí dé etí àwọn ẹgbẹ́ lándílọ́ọ̀dù. Wọ́n ń ṣèpàdé lórí góńtà, wọ́n ń ṣèpàdé lórí owó ọdẹ. Kí wọ́n béèrè káàdì abẹ́rẹ́ ajá lọ́wọ́ wa pẹ̀lú, kí wọ́n sì fòfin de síso ajá mọ́ ẹnu géètì. Ẹ̀yin òbí, ẹ kọ́ àwọn ọmọ pé bí ajá bá dojú kọ wọ́n, kí wọ́n dúró sójú kan bí igi, kí wọ́n má sáré, kí wọ́n má wò ó lójú.

Ọmọ náà ti sàn. Ó ṣì ń gba àdúgbò wa lọ síléèwé, ṣùgbọ́n bó bá ti kù díẹ̀ kó dé ilé wa, á di ọwọ́ àbúrò rẹ̀ mú, wọ́n á sì sọdá sí òdìkejì títì.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Àpáta, Ìbàdàn.